Ohùn Akéde, Èsì Ìlú

Nígbà ayé àwọn baba wa, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìlú sọ, akéde ni yóò rán. Akéde yóò lu agogo yí àdúgbò ká, tọmọdé tàgbà yóò sì gbọ́. Ṣùgbọ́n èsì kì í ṣàìpadà sí ààfin: àwọn baálé àti ìyálọ́jà ni yóò gbé e lọ.

Ìkànnì Twitter, tí a ń pè ní X lónìí, ti di irú agogo bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari sọ nípa ogun abẹ́lé kúrò. Ní ọjọ́ 4, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti Twitter pa ní Nàìjíríà; orí Twitter kan náà ni wọ́n sì ti kéde rẹ̀! Ó di ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù keje ọdún náà, Kóòtù ECOWAS dájọ́ pé ìgbésẹ̀ náà kò bófin mu.

A kò ní kí ìjọba káwọ́ gbera. Irọ́ lè tú ìlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi agogo kéde irọ́ ni à ń mú lọ sí ààfin. A kì í tìtorí rẹ̀ pa gbogbo ìlú lẹ́nu mọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ìjọba tí ó fẹ́ kí a gbọ́ ohùn akéde rẹ̀, kí òun náà fetí sí èsì ìlú.