FÈRÈ ÌKÌLỌ̀ NÌKAN KÒ TÓ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó rí ogun bá pa ẹnu mọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fi agbára átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná.

Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 1979, ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Three Mile Island ní Pennsylvania, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni gómìnà tó gba àwọn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń gbé láàárín máìlì 5 sí ibẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n kúrò. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ètò ìkìlọ̀ kíákíá wà fún gbogbo ará àdúgbò tí ó tó nǹkan bí máìlì 10 yí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ká. Ìdí nìyí tí fèrè ńláńlá fi wà lórí òpó ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wọn, tí wọ́n sì máa ń fọn wọ́n dán wò.

Fèrè náà kò ní kí ènìyàn sáré o. Ohun tí ó ń wí ni pé: ẹ wọlé, ẹ tan ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹ gbọ́ ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe. Bí agogo akéde ni ó rí. Agogo kọ́ ni iṣẹ́ tí ọba rán. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni.

Àwọn kan ní irú fèrè bẹ́ẹ̀ ń já aráyé láyà lásán. Mo ní kí wọ́n wo ìlú Pripyat ní Ukraine. Ní òru ọjọ́ 26, oṣù kẹrin, ọdún 1986, ẹ̀rọ bú gbàmù ní Chernobyl, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 3 lọ sí ìlú náà. Ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò kéde fún ará ìlú. Àwọn ọmọdé lọ sí ilé-ìwé nígbà tí oró tí ojú kò lè rí ti wà nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó kó àwọn ènìyàn bí 49,000 jáde, tí wọ́n ní ọjọ́ 3 péré ni wọn yóò lò. Wọn kò padà wá gbé ibẹ̀ mọ́. Àwọn aláṣẹ ìjọba Soviet ni ó fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Fèrè wo ni ó lè gba ará ìlú lọ́wọ́ èyí?

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní ọdún 2017, ìjọba Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Rosatom ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà lórí kíkọ́ irú ilé-iṣẹ́ yìí. Bí ó bá di ohun tí a ń kọ́, kí a tó ri òpó fèrè kan mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ará àdúgbò náà, ní èdè abínibí wọn, ní ohun tí fèrè ń wí. Kí òfin sì de aláṣẹ pé kò gbọdọ̀ fi ewu pa mọ́. Bí a kò bá ṣe méjèèjì, ariwo lásán ni fèrè.