Ilẹ̀ Ni Wọ́n Ń Wá, Kì í Ṣe Ìmọ́tótó

Nígbàkígbà tí ìjọba Èkó bá fẹ́ wó àdúgbò tálákà, àwáwí mẹ́ta kan náà ni wọ́n máa ń gbé jáde: ibẹ̀ dọ̀tí jù, àwọn ọ̀daràn ti sọ ibẹ̀ di ibùba, omi lè gbé wọn lọ. Mi ò ní fi igbá kan bọ̀kan nínú: àwáwí lásán ni. Mi ò sọ pé ìdọ̀tí kò sí níbẹ̀, mi ò sì sọ pé olè kò sí. Ìdọ̀tí wà ní Mushin, olè wà ní Ìkòyí, omi sì ń ya wọ ilé àwọn olówó ní Lekki bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Kí ló dé tí katapílà kì í dé gbogbo ibẹ̀? Ohun tó ń pe katapílà ni iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan ní àdúgbò tó múlé gbè é. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò wó tẹ̀lé e, kó má wulẹ̀ da wolé-wolé láàmú. Àwọn ajẹ́ńtì tó ń ta ilẹ̀ ni kó lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká mú Maroko. Ní oṣù Keje ọdún 1990, Raji Rasaki tó jẹ́ gómìnà ológun Èkó fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Ọjọ́ pé, katapílà dé, àwọn agbófinró tó dìhámọ́ra sì tẹ̀ lé e. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Àlàyé ìjọba ni pé ilẹ̀ Maroko rẹlẹ̀ jù, pé òkun lè bò ó mọ́lẹ̀. Àánú ló ń ṣe wọ́n, ẹ ò rí i? Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu iyanrìn lé ilẹ̀ kan náà, wọ́n la títì, wọ́n gé e ní pulọ́ọ̀tì, ó sì di ara ohun tí à ń pè ní Victoria Island Extension àti Oniru lónìí. Òkun tó fẹ́ gbé apẹja àti aránṣọ lọ kò wá mọ ọ̀nà ilé olówó mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé ni wọ́n fún ní ilé ní Ilasan àti Ikota, àwọn ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Àwọn tó kù, ẹni orí yọ ló yọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ìwà sójà nìyẹn. Ó ti wà kí sójà tó dé. LEDB, àjọ àtúntò ìlú Èkó tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928, lẹ́yìn tí àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa èèyàn ní Èkó, ni ìyá gbogbo rẹ̀. Ní 1955, nígbà tí òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, àjọ náà dójú lé àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, nǹkan bí éékà àádọ́rin, wọ́n ní àwọn agbo ilé ibẹ̀ ń dójú ti olú ìlú. Sùúrùlérè ni wọ́n kó àwọn tó gbà láti lọ sí. Ilé tuntun, òpópónà tó gún, omi ẹ̀rọ. Lójú ẹni tó yàwòrán rẹ̀, kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Òyìnbó onímọ̀ àwùjọ kan, Peter Marris, wá bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀ nílé wọn, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó bá níbẹ̀ bani nínú jẹ́. Obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wọn, tí oníbàárà rẹ̀ jẹ́ ará àdúgbò àti èrò ọjà tó ń kọjá, kò rí ẹni rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ní Sùúrùlérè. Láti dé ọjà tó mọ̀, ó di kó wọ mọ́tò, owó mọ́tò sì jẹ èrè tán. Ìyá àgbà tó ń bá a mú ọmọ dání tẹ́lẹ̀ ti wà ní ibòmíràn. Ọkọ rẹ̀ tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá àti àbúrò rẹ̀ láti yàrá kejì kò rí wọn lójúmọ́ mọ́. Àwòrán ilé ni wọ́n yà. Wọn ò ya àwòrán bí èèyàn ṣe ń jẹun.

Bí a bá ní ká wá ohun tó fún wọn láyà láti máa ṣe bẹ́ẹ̀, inú ìwé òfin la máa bá a, ìtàn rẹ̀ sì ń múni rẹ́rìn-ín kíkorò. Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀ Èkó, bá ìjọba amúnisìn ṣẹjọ́ nítorí ilẹ̀ Apapa tí wọ́n gbà. Herbert Macaulay bá a lọ sí London. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ òkèèrè tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ìwé tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, àti pé bí ìjọba bá fẹ́ ilẹ̀ náà, kó san owó rẹ̀ bí ẹni tó ń ra nǹkan lọ́wọ́ olóhun.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba ológun Ọbásanjọ́, ìjọba àwọn ọmọ ilẹ̀ wa fúnra wa, gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kẹta 1978. Gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gómìnà. Wọ́n ní ó kàn ń bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀ ni. Abala 28 gbà á láyè láti gba ilẹ̀ padà tó bá ti lè pè é ní àǹfààní ará ìlú. Abala 29 sọ pé owó ilé àti owó irè oko ni wọn yóò san, kì í ṣe owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ti abala 47: kò sí kóòtù kankan tó láṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó gbà-má-bínú náà tó tàbí kò tó. Ohun tí adájọ́ òyìnbó kò lè fi du Olúwa ní 1921, òfin wa fi du gbogbo wa. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òfin náà wà fún tálákà kí àwọn olówó má baà ra ilẹ̀ tán. Bóyá ohun tí wọ́n rò nìyẹn ní 1978. Ohun tó bí ni pé gómìnà kan ṣoṣo ló ń fọwọ́ sí C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀, òun ló ń gbà á padà, ẹni tó bá sì mọ gómìnà ló ń jẹ ilẹ̀.

Ìjọba Èkó kan náà tó ní òkun léwu fún àwọn apẹja Maroko ló tún bá ilé iṣẹ́ aládàáni da ọwọ́ pọ̀ láti da iyanrìn sínú òkun gan-an kí Eko Atlantic lè yọ: mílíọ̀nù mẹ́wàá mítà níbùú lóròó, tí wọ́n ní 250,000 èèyàn yóò máa gbé, pẹ̀lú ògiri òkúta tí wọ́n ṣe láti dá ìgbì dúró. Ẹ wo àwòrán kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń polówó irú ìlú bẹ́ẹ̀. Igi ọ̀pẹ, ọkọ̀ ojú omi funfun, àwọn ọ̀dọ́ tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ lábẹ́ oòrùn tí kò mú. Kò sí dánfó. Kò sí alákàrà. Kò sí ẹni tó ń gbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló gbá a.

Ní ìdàkejì rẹ̀, ẹ gba orí afárá Third Mainland, kí ẹ wojú omi lápá Yábàá. Makoko nìyẹn. Ilé pákó lórí òpó, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ata, omi mímu àti ọmọ iléèwé kiri, èéfín ẹja tí àwọn obìnrin ń yan láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹja yẹn ń dé àwọn ọjà ńláńlá Èkó, kò sì sí nǹkan tí ìjọba ná sí i. Lọ́dún 2012, wákàtí méjìléláàádọ́rin ni wọ́n fún àwọn kan níbẹ̀ kí wọ́n fi kó jáde, wọ́n sì wó ilé wọn; nínú rògbòdìyàn náà ni ìbọn ti pa ọ̀kan nínú àwọn olóyè ibẹ̀. Ọ̀kan lára ohun tí ìjọba sọ nínú ìwé tí wọ́n fi lé wọn ni pé ilé wọn ń ba ẹwà etí omi jẹ́. Ẹwà! Lójú ta ni?

Ọ̀tọ̀ ni ti Otodo Gbame ní Lekki. Láàárín oṣù Kọkànlá 2016 sí oṣù Kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn tó lé ní 30,000 kúrò níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹfà 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé ìwà ìkà ni láti wó ilé lé èèyàn lórí láì wá ibòmíràn fún un, ó sì ní kí ìjọba jókòó pẹ̀lú wọn lórí ibi tí wọn yóò máa gbé. Ọdún gorí ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ náà, àwọn apẹja ń sùn káàkiri lọ́dọ̀ ẹbí ní àwọn àdúgbò etí omi yòókù.

Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń wó ilé tálákà gbàgbé pé pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní 2024, nígbà tí ọ̀nà etí òkun tó ń lọ Calabar bẹ̀rẹ̀, katapílà dé etíkun Landmark ní Oniru, nítòsí ibi tí Maroko wà rí. Ìjọba àpapọ̀ ní etí òkun tòun ni. Lọ́jọ́ náà ni àwọn ọlọ́jà ńlá, tí wọ́n ní agbẹjọ́rò, tí wọ́n mọ ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n, mọ bí ó ṣe máa ń rí kí wọ́n wó ohun tí èèyàn fi owó kọ́ kí ọ̀rọ̀ gbà-má-bínú tó yanjú. Mo bá wọn kẹ́dùn. Mo kàn rántí pé mi ò gbọ́ ohùn wọn nígbà ti Otodo Gbame.

Wọ́n á ní kí ni kí ìjọba ṣe, ṣé kí ìlú máa dàgbà bí igbó ni? Rárá. Láyé Lateef Jakande, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí akọ̀wé àti olùkọ́ lè ra. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní 1983. Ìjọba ológun Buhari fagi lé e. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni èrò tó wọ irú rẹ̀ láti Mile 2 dé Marina, ogójì ọdún gbáko. Nínú ogójì ọdún yẹn, àwọn tí wọ́n lé kúrò lérékùṣù sí Ajah àti Ìkòròdú ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ kí wọ́n lè padà wá gbálẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń gbé rí.

Àríyànjiyàn kan ṣì kù tó nítumọ̀: bí a bá gba agbára ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ gómìnà, àwọn ọmọ onílẹ̀ á máa ta pulọ́ọ̀tì kan fún ẹni mẹ́ta. Ṣé wọn ò tà á báyìí ni? Òfin 1978 wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, owó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́kìn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé wà níbẹ̀ digbí. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ló ń dá irú wọn dúró, ìyẹn kò sì nílò kí ilẹ̀ jẹ́ ti gómìnà.

Kí wọ́n yọ abala 47 dànù. Kí owó gbà-má-bínú máa ka ilẹ̀ mọ́ ilé. Kí katapílà má sì gbéra níbikíbi láìjẹ́ pé ilé mìíràn ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn: wọ́n so òfin náà mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, abala 315, débi pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin ní Abuja àti ti ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àyípadà. Ààrẹ Yar'Adua gbé àtúnṣe kékeré kan lọ bá ilé aṣòfin ní 2009, àtúnṣe náà kú síbẹ̀. Gómìnà wo ni yóò ní kí àwọn aṣòfin òun gba oúnjẹ lẹ́nu òun? Nítorí náà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gan-an ni ká dì mú. Wọ́n ń bọ̀ wá gba ìbò wa ní 2027, pẹ̀lú ìrẹsì àti ankárá. Kí a bi wọ́n ní gbangba: abala 47, ṣé ẹ máa dìbò kó kúrò àbí kó dúró?