Ẹyẹ Olórin àti Bakitéríà: Èwo Ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Yóò Jọ?

Ní àkókò àjọ̀dún bí èyí, iye ni a sábà máa ń kọ́kọ́ kà: iye ọdún, iye akẹ́kọ̀ọ́, iye ilé tí a kọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀dá méjì wé ara wọn, kí a lè mọ ibi tí agbára iye mọ.

Èkíní ni bakitéríà tí à ń pè ní Escherichia coli. Inú ìfun ènìyàn ni ó ń gbé. Ojú lásán kò lè rí i, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í sì í ṣe wá ní ibi. Bí oúnjẹ àti ooru bá tó o, ó lè pín sí méjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ọ̀kan a di 8 ní wákàtí kan, a di 512 ní wákàtí mẹ́ta. Kò sí èyí tí ó kọ́ èkejì ní ohunkóhun.

Èkejì ni zebra finch, ẹyẹ kékeré ilẹ̀ Ọsirélíà. Akọ rẹ̀ nìkan ni ó ń kọrin, a kò sì bí orin náà mọ́ ọn. Ẹnu baba rẹ̀, tàbí akọ àgbà mìíràn, ni ó ti ń kọ́ ọ. Yóò tẹ́tí sílẹ̀, yóò dán an wò, yóò tún un ṣe, títí yóò fi pé nǹkan bí ọjọ́ 90. Lẹ́yìn náà, orin rẹ̀ kì í sábà yí padà mọ́. Èyí tí kò ní àgbà nítòsí, orin rẹ̀ a wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ni a fi ń gbé orin sí i létí, kì í mọ̀ ọ́n tó èyí tí ó ń gbé lọ́dọ̀ àgbà.

Ẹ̀yin òbí, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gba ọmọ púpọ̀ láìní olùkọ́ tí ó tó ń pọ̀ bí bakitéríà ni. Òbí tí ó fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́, tí kò ráyè bá a sọ̀rọ̀, ń retí kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ àgbà. Ẹnìkan lè wí pé ènìyàn kì í ṣe ẹyẹ, àti pé àgbàlagbà ṣì lè kọ́ ohun tuntun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà èwe kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí a tó kun ògiri, kí a tó ṣe géètì tuntun, ẹ jẹ́ kí a fi owó tí a bá dá gba olùkọ́ kún olùkọ́. Kí olúkúlùkù wa sì máa wá jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyí ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn wa nígbà tí etí wọn ṣì ṣí.