Ọkọ̀ Àlòkù Onílẹ̀kùn Méjì

Ẹ̀yin ará wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ń wá ọkọ̀ àlòkù onílẹ̀kùn méjì, tí ó tura, tí kì í sì í tètè bàjẹ́, kí ó wo Toyota Solara. Ọmọ ìyá Camry ni. Òmíràn wà tí a lè ká òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2008 ni ó kẹ́yìn, gbogbo wọn sì ti di àgbà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ká òrùlé náà, kí ẹ sì tún un bò. Ẹ da omi sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀. Omi tí ń jò wọlé ni í mú kí irin dógùn-ún, òun náà ni í sì í ba wáyà iná jẹ́. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí.