Tikẹ́ẹ̀tì wà, ìṣirò owó dà?

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tí o bá ń gun ọ̀kadà, tí o ń wa ọkọ̀, tàbí tí òbí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kàn ẹ́.

Láràárọ̀ ní Òkè-Ìlá níbí, ọlọ́kadà ò tíì gbé èrò kan ṣoṣo tí wọ́n á ti já tikẹ́ẹ̀tì fún un. Tó bá ní òun ò tíì rówó, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ká ní ₦300 ni tikẹ́ẹ̀tì (àpẹẹrẹ ni o, ẹ má gbé e lọ síbòmíì). Kí ọlọ́kadà 100 péré rà á fún ọjọ́ 26 lóṣù, ₦780,000 nìyẹn. Lọ́dún, ₦9,360,000. Ìdí igi kan ṣoṣo ni mo ṣì ń ṣírò yẹn o.

Ta ló ti rí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí rí?

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mo kórìíra ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Tí kì í bá ṣe NLC àti TUC tó fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìjọba lọ́wọ́ ní 2024, ta ni ì bá sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000? Mo fẹ́ ẹgbẹ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo gan-an nìyẹn.

Ẹ lọ sí Ọjà Ọba kí ẹ wo màmá tó ń ta ata. Ó lè má mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní káàdì àjọ. Bó ṣe ń dáwó lójoojúmọ́ ni alájọ ń sàmì sí i. Níparí oṣù, wọ́n á jọ kà á, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan tiẹ̀, ó parí. Gbogbo ọjà ló mọ ohun tí alájọ ń jẹ. Alága ẹgbẹ́ ńkọ́? Èló ni tiẹ̀? Tí màmá aláta bá lè gba ìṣirò lọ́wọ́ alájọ, kí ló dé tí ọlọ́kadà ò lè gbà á lọ́wọ́ akápò?

Bọ̀dá mi kan kán lẹ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀kadà. Ó ti ń ra tikẹ́ẹ̀tì bọ̀ látọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ (mi ò ní dárúkọ wọn) gbé páálí móòtì kan wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tó béèrè owó ìrànwọ́ tí wọ́n ní ó wà nínú tikẹ́ẹ̀tì, wọ́n bi í pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ ṣe alága ni?" Àwa ẹbí la dáwó ilé ìwòsàn.

Òfin sì wà o. Trade Unions Act ti wà láti 1973. Ó ní kí akápò máa jíhìn owó fún ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní kí ẹgbẹ́ máa fi ìṣirò owó ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ lè yẹ ìwé owó wò. Ní 2005, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fipá mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́. Ẹ wá rántí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń gbà yẹn.

Àwọn kan á ní, "Kí ìjọba kúkú gbà á lọ́wọ́ wọn." Ṣé ẹ ti gbàgbé Ọ̀yọ́ ni? Ní 2019, Makinde fòfin de NURTW, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ alábòójútó gáréèjì kalẹ̀, Auxiliary di alága. Ní 2023, Makinde yìí kan náà ló tú u ká. L'Ékòó, ICIR ṣírò ní 2021 pé owó tó ń wọlé fún NURTW níbẹ̀ lé ní ₦120 bílíọ̀nù lọ́dún. Ní 2022, MC Oluomo kúrò nínú NURTW, ìjọba ìpínlẹ̀ fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ gáréèjì tuntun. Ní October 31 ọdún yẹn, àwọn awakọ̀ gbé mọ́tò wọn jókòó, wọ́n ní owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ti pọ̀ jù. Orúkọ lórí tikẹ́ẹ̀tì ló yí padà.

Òmíì á ní tí a bá tú àṣírí ẹgbẹ́, ọ̀tá á fi lù wá. Irọ́ ni. UAW, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò l'Ámẹ́ríkà, adájọ́ rán ààrẹ wọn tẹ́lẹ̀ méjì lẹ́wọ̀n ní 2021. Wọ́n ń fi owó ẹgbẹ́ gbá gọ́ọ̀fù, wọ́n ń fi ra sìgá olówó ńlá. Ṣé ẹgbẹ́ kú? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gba ẹ̀tọ́ láti máa dìbò yan ààrẹ fúnra wọn, wọ́n yan Shawn Fain ní 2023. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní Ford, GM àti Stellantis, wọ́n sì gba àfikún owó ìdá 25 nínú 100, díẹ̀díẹ̀ títí di 2028.

Láti 1959 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹgbẹ́ máa kó ìṣirò owó fún ìjọba, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo jókòó sí Òkè-Ìlá lè fi fóònù wo iye tí ààrẹ UAW ń gbà lọ́dún. Ti alága tó ń já tikẹ́ẹ̀tì níwájú ilé wa, mi ò lè rí i!

Bébà kan ni mo ń béèrè. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gáréèjì lóṣooṣù: tikẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà, èyí tó lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, èyí tó lọ s'Ábùjá, èyí tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn, èyí tí alága gbà. Kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Fọ́tò móòtì ni wọ́n mọ̀ ọ́n yà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwọn alága ṣe yẹ̀yẹ́ lórí TikTok, àwọn tí a jọ jáde EKSU àti Poly wà lórí ọ̀kadà lónìí. Owó tiwọn náà ni.

Tí bàbá tàbí màmá ẹ bá wà lẹ́gbẹ́ kankan, bi wọ́n lálẹ́ òní: ìgbà wo ni wọ́n ka ìṣirò owó sétí yín gbẹ̀yìn? Kọ ìdáhùn wọn sábẹ́ ibí. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ọdún tí wọ́n kà á nìkan ni mo fẹ́.