Nọ́ńbà 20 Kan Kò Jọ Nọ́ńbà 20 Kejì



Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ṣòwò ní Treichville, nítòsí Port autonome d'Abidjan, ra òwú kílò 10 ránṣẹ́ sí àwọn ahunṣọ wa ní Ìṣẹ́yìn. Aṣọ òfì ìgbéyàwó ni wọ́n fẹ́ hun. Àwọn ahunṣọ ní nọ́ńbà 20 ni kí wọ́n rà, 20 náà ló sì wà lára páálí. Ṣùgbọ́n òwú náà nípọn jù, ó sì tán kí aṣọ tó pé. Ọjọ́ ìgbéyàwó kò ṣeé sún, wọ́n bá yáwó ra òmíràn.

Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, Ne, ń ka iye ìdì òwú tó wà nínú pọ́n-ùn kan, ìdì kọ̀ọ̀kan sì gùn ní yáàdì 840. Ìlànà mítà, Nm, ń ka iye mítà tó wà nínú gíráàmù kan. Nítorí náà, kílò kan òwú Nm 20 jẹ́ mítà 20,000, ṣùgbọ́n ti Ne 20 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34,000. Ẹ wo ibi tí òwú ti dín!

Nínú méjèèjì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni òwú ń tín-ín-rín. Tex yàtọ̀: ìwọ̀n gíráàmù mítà 1,000 ni, bó bá ṣe ga ni òwú nípọn. Nm 20 jẹ́ tex 50, Ne 20 kò ju nǹkan bíi 30 lọ. Denier náà rí bíi tex, àmọ́ mítà 9,000 ni tirẹ̀.

Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe lọ́ ọ: ẹ̀ẹ̀melòó nínú mítà kan, ṣé S ni àbí Z? Ẹ na òwú náà ní òòró. Bí ìlà ara rẹ̀ bá dà bí àárín lẹ́tà S, S ni. Bó bá dà bíi ti Z, Z ni. Òwú tí wọn ò lọ́ tó máa ń tètè já. Èyí tí wọ́n lọ́ jù máa ń ká jọ.

Láti ọdún 1950 tí ipadò Vridi ti ṣí ọ̀sà Abidjan sí òkun, ọkọ̀ láti ibi gbogbo ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹrù oríṣiríṣi, ìwọ̀n oríṣiríṣi. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé, "20 ti Ne ni, àbí ti Nm?"

Ó di ìgbà mìíràn.