Géèmù Kọ́ Ló Pa Laptop Yẹn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Torino, Padova, Brescia àti Verona ló ń dá ẹjọ́ laptop lódì. Ọmọ ń gbá géèmù, ogún ìṣẹ́jú ò tíì pé, àwòrán dúró gbagidi, ohùn ń ṣe drrrrr bí akólòlò, bọ́tìnnì kankan ò dáhùn mọ́. Ìyá á ní, "Ṣé mi ò sọ pé géèmù yìí á ba nǹkan yìí jẹ́?" Bàbá á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹnì kan ládùúgbò á ní kí wọ́n fọ́ọ̀màtì ẹ̀. Wọ́n á fọ́ọ̀màtì ẹ̀, fọ́tò á lọ, iṣẹ́ iléèwé á lọ, owó á lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó tún háǹgì.

Èrò tèmi ni pé géèmù kọ́ ló pa laptop yẹn. Àìsàn kan ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, géèmù ló kàn tú àṣírí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fòfin de géèmù nílé, àìsàn ọ̀hún ò lọ síbì kankan. Ó máa dúró de ọmọ yín di ọjọ́ tó bá fẹ́ fi laptop kan náà ya àwòrán ilé ní Politecnico di Torino, nítorí irú software bẹ́ẹ̀ máa ń lo ẹ̀yà kan náà tí géèmù ń lò. Lálẹ́ ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló máa wá gan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìdí géèmù ló ti máa ń yọjú? Tẹ́ ẹ bá ń wo fíìmù tàbí tẹ́ ẹ̀ ń kọ lẹ́tà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ń sinmi díẹ̀. Géèmù kì í jẹ́ kó sinmi. Ó máa ní kí CPU tó ń ṣèṣirò àti GPU tó ń ya àwòrán jọ sáré àsápajúdé fún wákàtí méjì gbáko. Iná tí wọ́n bá jẹ, ooru ló ń dà. Laptop tí wọ́n ṣe fún géèmù lè jẹ ju 100 wáàtì lọ, ìyẹn ooru gílóòbù ńlá ayé àtijọ́ kan, nínú àpótí tí kò nípọn ju ìwé lọ. Páìpù bàbà pẹlẹbẹ ló ń gbé ooru yẹn lọ sídìí fáànù, lọ́pọ̀ ìgbà CPU àti GPU ló sì jọ ń lo páìpù kan náà. Ẹ fi wé mọ́tò tí rédíétọ̀ ẹ̀ ti dí. Lórí títẹ́ ilẹ̀, kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kó gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè ná, kẹ́ ẹ wá wo èéfín. Ta ló máa sọ pé òkè ló ba mọ́tò jẹ́?

Ẹ má bínú, mo fẹ́ yà díẹ̀. Federico Faggin, ọmọ Vicenza, tí kò jìnnà sí Padova rárá, Yunifásítì Padova ló ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, ó gboyè ní 1965. Ó ṣiṣẹ́ ní Agrate lẹ́bàá Milano, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Amẹ́ríkà, òun ló sì ṣíwájú àwọn tó ṣe Intel 4004 tó jáde ní 1971, ọpọlọ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lọ́jà tó wà lórí ègé kan ṣoṣo. Transistor 2,300 péré ló wà nínú ẹ̀, kò sì nílò fáànù kankan. Ọpọlọ tó wà nínú laptop yín lónìí ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Nítorí náà, tí àwọn èèyàn bá ní "kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ kì í gbóná báyìí," òótọ́ ni, àmọ́ kò lè gbá FIFA náà.

Ẹ wá wo ibi tí à ń gbé. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po ni Torino àti Padova wà, òkè Alps dí i lápá àríwá àti ìwọ̀ oòrùn, òkè Apennines dí i lápá gúúsù. Afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ níbẹ̀. Lóṣù keje àti ìkẹjọ, ooru lè lé ní 35°C, ó sì máa ń fún èèyàn bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀ ní Ìbàdàn tí kò wá rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tí a ń rẹ́ǹtì ní Barriera di Milano tàbí ní Arcella ò ní ẹ̀rọ amúlétutù. A máa já tapparella wálẹ̀, a máa jókòó sínú òkùnkùn, ọmọ á gbé géèmù kalẹ̀. Fáànù laptop kì í ṣe fìríìjì o. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń fà wọlé. Tí yàrá bá ti gbóná tó 33°C, ibẹ̀ ni ìtura ti máa bẹ̀rẹ̀.

Kí ooru tó dé rárá, lóṣù karùn-ún, òwú funfun igi pioppo ti ń fò káàkiri ìgboro bíi yìnyín. Inú ilé ló ń wọ̀. Fáànù máa fà á mọ́ eruku àti irun orí wa, ó máa wé wọn pọ̀ di nǹkan bí aṣọ tó dí ojú ihò tí ooru ń gbà jáde. Mo ti rí laptop ọlọ́dún méjì tó dí tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ò lè là á kọjá. Nígbà òtútù ńkọ́? A máa gbé laptop sórí bẹ́ẹ̀dì, lórí coperta tó nípọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ termosifone. Abẹ́ ni imú laptop wà, ẹ ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí i pa.

Tí ọpọlọ yẹn bá ti gbóná dé nǹkan bí 95 sí 100°C, òun fúnra ẹ̀ máa dẹwọ́ iṣẹ́ kó má baà jóná. Ìgbà yẹn ni géèmù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Bí GPU bá kọ̀ tí kò dáhùn mọ́, Windows máa dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 2, lẹ́yìn náà á gbìyànjú láti tún un bẹ̀rẹ̀. Ó lè jí. Ó lè má jí.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n ná. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager máa ṣí, apá Performance ní ooru GPU wà lọ́pọ̀ laptop. HWiNFO, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa fi ti CPU náà hàn yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú ètò géèmù, kẹ́ ẹ dín fireemu kù sí 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan gbé ẹ̀yìn laptop sókè díẹ̀ lórí tábìlì. Tí kò bá háǹgì mọ́, ooru tàbí iná ni ọ̀ràn yẹn. Kí fáírọ́ọ̀sì lọ gba ìdáǹdè tirẹ̀ níbòmíì.

Mo ní iná, torí ṣájà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ra laptop àlòkù ní ọjà Balôn ní Torino lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tó tà á ò sì ní ṣájà tó bá a wá. Laptop tó fẹ́ 180 wáàtì, ẹ fi ṣájà 65 wáàtì sí i, bátìrì ló máa máa dí àlàfo yẹn, ẹ̀rọ sì máa máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ooru o. Tó bá jẹ́ géèmù kan ṣoṣo ló ń gan, ẹ wo géèmù yẹn àti dráífà káàdì àwòrán. Tó bá ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó tún ń lọ, ẹ fura sí dísíìkì tó ti ń kú tàbí ìrántí tí kò tó. Tó bá ń gan nígbàkúùgbà, kódà lórí lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí Windows Memory Diagnostic yẹ RAM wò lálẹ́. Ẹ má kàn lọ ra RAM kún un torí ẹni tó ń tà á sọ pé ó dáa.

Tó bá jẹ́ ooru, ìtọ́jú ẹ̀ ò wọ́n: kí wọ́n tú u, kí wọ́n nu fáànù, kí wọ́n pààrọ̀ pasta termica. Kì í ṣe pasta jíjẹ o, ọ̀dà tó ń so ọpọlọ mọ́ páìpù ni, ó sì máa ń gbẹ. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ wá scontrino yín. Òfin Ítálì fún yín ní ọdún 2 lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ní kẹ́ ẹ lọ bá iléeṣẹ́ tó ṣe é, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti rà á. Láti 2022, tí àbùkù bá yọjú láàárín ọdún àkọ́kọ́, òfin máa gbà pé ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti gbé e fún yín, àfi tí wọ́n bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àlòkù láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè dín ọdún 2 yẹn kù, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí ọdún 1. Lọ́wọ́ ẹnì kan tẹ́ ẹ kàn bá pàdé lójú ọjà, tí kì í ṣe oníṣòwò, kò sí ìyẹn, torí náà ẹ ní kó tan géèmù fún ogún ìṣẹ́jú lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.